Wáyà Aláwọ̀ Búlúù Ní Orí Méjì

Leicester,
Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Abdulfatah àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo kí Bàbá lórí àga wọn. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ti dé. Ìkíni parí síbẹ̀.

Ohun tó ti bàjẹ́ nìyí. Géèmù ọkọ̀ akẹ́rù tí Bàbá fi ń tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún wọn láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n ti ń fà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n á yí sítíárìn, ọkọ̀ inú géèmù kò ní yí, àfìgbà tó bá wọ kòtò tán. Èkejì, Bàbá kò fọwọ́ kan sítíárìn náà mọ́ láti ọjọ́ mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, nígbà tí mo pè wọ́n lórí fídíò ní Sátidé, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kí mi. Bàbá wa! Ẹni tó gbá mi létí ní kékeré nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ àlejò.

Àwọn tó mọ̀: ìwọ mọ̀, Màmá mọ̀, Ọdẹkúnlé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lódìkejì ilé wa náà mọ̀. Èmi nìkan ni ẹ kò sọ fún, èmi tí mo to gbogbo rẹ̀.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe tò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò yé òun. Kọ̀ǹpútà ńlá wà ní pálọ̀, níbi tí bátìrì sólà wà, torí pé ìwọ náà ń fi í ya àwòrán ilé fún àwọn oníbàárà rẹ. Kọ̀ǹpútà kékeré alágbèéká wà ní yàrá Bàbá lẹ́yìn, òun àti sítíárìn. Èyí ńlá ló ń ṣiṣẹ́ géèmù. Ó ń ta àwòrán rẹ̀ sí èyí kékeré, ráútà ló sì ń gbé e láti pálọ̀ dé yàrá. Kò ní í ṣe pẹ̀lú dátà. Bí gbogbo Ìlaró kò bá tilẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwòrán yẹ kó ti pálọ̀ dé yàrá. Nítorí náà, má kọ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni" sí mi.

Dá mi lóhùn: ṣé wáyà aláwọ̀ búlúù tí mo fi so ráútà mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá ṣì wà níbẹ̀? Níbo ni ráútà wà báyìí? Ẹ̀rọ mélòó ló wà lórí wáì-fáì wa? Bu ìwọ̀n àwòrán géèmù kù, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Kí o sì ya fọ́tò ráútà ránṣẹ́.

Kọ ọ́ sílẹ̀. Má pè mí. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, tí a bá sọ ọ́ tán, oníkálùkù á ní ohun tí òun gbọ́ ni ti òun. Mo ń retí èsì ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni,
Roheemat.


Ìlaró,
Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Màmá ń kí yín. Òjò àrọ̀kúrò ń dààmú wa díẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Ẹ má bínú pé a ò sọ fún yín. A rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ni.

Mo ti bu àwòrán kù bí ẹ ṣe wí. Mo bù ú títí ojú ọ̀nà inú géèmù fi dà bíi gàrí tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ṣì ń fà. Ní ti àwọn tó wà lórí wáì-fáì, mẹ́rin péré ni: kọ̀ǹpútà méjèèjì, fóònù mi àti fóònù Màmá. Ní ti wáyà búlúù, orí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá digbí, kò mì. Ní ti ráútà, iná rẹ̀ ń tàn dáadáa. Fọ́tò ni kò tíì ṣeé yà, kámẹ́rà fóònù mi ló ti sán.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń dùn mí. Lánàá mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré." Wọ́n wo sítíárìn náà bí ẹni ń wo gbèsè.

Wọ́n ní, "Fatah, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ẹ̀gẹ́ àti pákó láti Ìmẹ̀kọ wá sí Ìlaró. Nígbà tí ọ̀nà Ayétòrò jẹ́ kìkì kòtò, ṣé o gbọ́ pé mo sọ ọkọ̀ sínú ọ̀kan rí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Ọkọ̀ kọ́ ló ń pẹ́. Ọwọ́ mi ni. Ó ti tún kú. Ẹ máa purọ́ fún mi lọ."

Mo ní, "Bàbá, géèmù ló ń fà, kì í ṣe ọwọ́ yín."

Wọ́n ní, "Ṣé géèmù náà ti ní rọpárọsẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín pa mí, mi ò lè rín in. Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Àbúrò yín,
Abdulfatah.


Leicester,
Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fatah,

O kú iṣẹ́. Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe ń ka ìwé àdéhùn kí n tó fọwọ́ sí i.

Wáyà ní orí méjì. Ọ̀kan ni o dáhùn nípa rẹ̀.

Mi ò bi ọ́ bóyá iná ráútà ń tàn. Mo bi ọ́ níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó sán ńkọ́? Àwòrán ilé tí o yà fún Málọmọ́ oníbàárà rẹ, àná yìí gan-an ni o gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, mo rí i, mo tilẹ̀ ka nọ́ńbà tó wà lára ojú fèrèsé. Kámẹ́rà tó sán wo ló ń ríran tó bẹ́ẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi kedere. Ráútà tí mo rà, èyí tí Ìyá Fẹ́yìsetán, ọ̀rẹ́ Màmá ní Owódé, bá wa gbé wá láti Kútọnu gba Ìdírókò, kò sí lórí pẹpẹ pálọ̀ mọ́. Èyí tó lágbára nìyẹn. Ẹnìkan ti mú un, ó fi jákujàku kan rọ́pò rẹ̀. Ta ló mọ iyì ráútà ní àdúgbò yẹn ju Ọdẹkúnlé lọ? Mo ti kọ ìwé sí òun náà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìfura nìkan ṣiṣẹ́. Gbé kọ̀ǹpútà kékeré wá sí pálọ̀. Gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, kí àlàfo wọn má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ta géèmù sí i. Tí kò bá fà mọ́, a jẹ́ pé yàrá Bàbá ló jìnnà. Tó bá ṣì ń fà, ráútà ni, a ò tún níí jiyàn.

Èsì ní ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú fọ́tò.

Roheemat.


Ìlaró,
Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú tó kọjá lẹ dá fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo lọ wọn ilẹ̀ kan ní Ìhunbọ, ibẹ̀ ni mo wà fún ọjọ́ mélòó kan.

Mo ti ṣe ìdánwò náà. Mo gbé kékeré ti ńlá bí ìyàwó àti ọkọ. Ó ṣì ń fà. Ohun tí mo kàn rí ni pé nígbà tí mo gbé kékeré rìn káàkiri ilé, ó dán mọ́rán ní iwájú ilẹ̀kùn yàrá Màmá. Mi ò mọ ohun tó fà á.

Ọdẹkúnlé wá síbí ní Ọjọ́rú. Kò wọlé. Ìloro ló dúró sí, ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò: "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílùú òyìnbó pé wọ́n ti fi ìwé pè mí ní olè. Kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, kò sí ẹni tó ní kíbọ́ọ̀dù òun sọnù!" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ní tiwọn wọ yàrá lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò jáde títí tó fi lọ. Wọn ò jẹun alẹ́.

Fọ́tò ráútà nìyí, mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ wò ó bó ṣe jókòó lórí pẹpẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ní kí n tú sítíárìn kúrò lára tábìlì, kí n dá a padà sínú páálí rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó lọ́wọ́, kí n fún un. Mi ò tíì tú u. Mo ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé sìkírù rẹ̀ ti dípẹtà.

Àbúrò yín,
Abdulfatah.


Leicester,
Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fatah,

Mo kí ọ. Kà á fún Màmá pẹ̀lú, kí o sì kà á sókè.

Mo fi ìka fa fọ́tò rẹ títí ó fi tóbi. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àsáláátù ló kọ́ sẹ́yìn ráútà náà. 2024 ló wà lára rẹ̀. Kì í ṣe òní lo ya fọ́tò yìí, kì í ṣe ọdún yìí. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ráútà dé ni. O wá fọ́tò àtijọ́ jáde láti fi tàn mí.

Mo gbà pé Ọdẹkúnlé kò mú un. Olè kì í dúró sí ìloro pariwo orúkọ ara rẹ̀. Ó ku ìwọ, ó ku Màmá. Kí ló dé tí géèmù fi dán mọ́rán ní iwájú ilẹ̀kùn Màmá? Kí ló dé tí Màmá, tí wọn kì í sá fún ìjà kankan láti Owódé dé Ìdírókò, fi sá wọ yàrá nítorí ariwo Ọdẹkúnlé? Kí ló wà nínú yàrá yẹn?

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn ilé yín tó rò pé ọwọ́ òun ti kú. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ sì ń wò ó.

Títí di Sátidé. Tí mi ò bá gbọ́ òtítọ́, Bàbá fúnra wọn ni màá bi.

Roheemat.


Ìlaró,
Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Roheemat, ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Habeebah ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ ata? Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kọ ìwé yìí. Fatah kàn yà á ní fọ́tò ni. Sátidé tí o dá ti kọjá, mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá Sátidé fún ìyá rẹ̀.

O ti kọ lẹ́tà mẹ́ta. O bi ráútà léèrè ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Eékún mi tí mo sọ fún ọ pé ó ń dùn mí láti oṣù Keje, o ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọwọ́ mi ni ráútà wà.

Ní oṣù Kẹjọ, mo rí ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè méjì ní títì wa. Wọ́n dúró ní iwájú ilé Alhaji kan, wọ́n ń tú yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀. Mo wo pẹpẹ wa, mo rí nǹkan Kútọnu tí kò ní ìwé kankan, ó jókòó sí pálọ̀ bí olórí ilé, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Roheemat, o mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ra ọjà gba ẹnu ibodè. Ọjà tó bá wà ní gbangba, kì í ṣe tìrẹ. Èyí tó bá wà nínú àpótí ni tìrẹ. Mo gbé e sínú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, èyí tí mo máa ń kó aṣọ sí nígbà ọjà. Mo pe ajórin, mo ní kó dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wáyà iná lè wọlé. Mo tì í, mo fi ìrọ̀rí lé e.

Fatah sọ pé wáì-fáì kì í ráyè jáde nínú irin. Mo gbé fóònù mi, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìyá Fẹ́yìsetán lórí WhatsApp, ó lọ, ó dá mi lóhùn. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ta ló ní kò lè jáde?" Fatah ní ti géèmù yàtọ̀, pé ohùn lè dúró kó mí, àwòrán ọkọ̀ kò lè dúró. Ó ní wáyà búlúù kò gùn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé orí kan ń fì sílẹ̀ bí ìrù ewúrẹ́. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní tí ẹnìkan bá gbọ́ ohun tó wà nínú àpótí mi, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Má bínú sí i. Èmi ni mo di ẹnu rẹ̀.

Kí o tó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi, rántí. Nígbà tí Ìyá Fẹ́yìsetán fẹ́ gbé e wá, ìwọ lo pè mí. Ohùn rẹ ṣì wà nínú fóònù mi. O ní, "Màmá, kò ní rìsíìtì o. Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i." Mo gbọ́ràn sí ọmọ mi lẹ́nu.

Ohun tí mi ò lè gbé ni ti bàbá yín. Mo gbọ́ nígbà tó sọ pé ọwọ́ òun ti tún kú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo fẹ́ wọlé, mo fẹ́ sọ ọ́. Èmi tí mo jókòó lórí àpò ìrẹsì mẹ́rin níwájú aṣọ́bodè mẹ́fà, tí mo ní àga ìjókòó ni, mi ò lè wo ojú ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Ó ti wá pẹ́ jù, ojú ń tì mí.

Màá gbé e jáde. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìparí ọdún ni wọ́n máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà. Jẹ́ kó di oṣù kìíní, kí gbogbo nǹkan rọlẹ̀.

Ìyá rẹ ni mí.


Leicester,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kú ìnira eékún. Ó yẹ kí n ti béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mi ò ṣe é, ẹ forí jì mí. Habeebah ti ń jẹ ata. Ó ń sunkún, ó sì ń béèrè sí i. Fatah, mo kí ìwọ náà. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, òpùrọ́ sì ni ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó o ń purọ́ fún.

Màmá, mo wá ohùn yẹn nínú fóònù tèmi. Mo rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ló wà níbẹ̀, ohùn mi ni. Nítorí náà mo ní láti tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ kẹfà ṣe. Àwọn tó mọ̀: Màmá, Fatah, èmi. Ẹ yọ Ọdẹkúnlé kúrò. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí ẹ fi nǹkan pamọ́, èmi ni mo tún ń bínú pé n kò rí i. Mo ti kọ ìwé àforíjì sí Ọdẹkúnlé. Fatah, tẹ̀ ẹ́, kí o fi lé e lọ́wọ́, kí o jẹ́ kó kà á sókè ní ìloro tí òun náà ti pariwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ oṣù kìíní. Rárá, Màmá. Ráútà kan ṣoṣo kì í ṣe ọjà. Tí ẹnikẹ́ni bá wọlé bi yín, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ dá, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà mi, ẹ jẹ́ kó wá bá mi níbí. Tí wọ́n bá gbé e lọ, òmíràn wà ní ọjà. Ọwọ́ Bàbá kò sí ní ọjà kankan. Dókítà sọ fún wa pé ọwọ́ tí a kò bá lò máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù kìíní, kí ni yóò kù tí kò ní gbàgbé?

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ráútà padà sórí pẹpẹ pálọ̀. Kí orí wáyà búlúù kan wọ inú rẹ̀, kí orí kejì wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá. Fatah, orí méjèèjì. Wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ kọ́kọ́, láti yàrá Bàbá, nígbà tí wọ́n bá wà ní ìta. Kí o ya fọ́tò, kí kàlẹ́ńdà ọdún yìí wà nínú rẹ̀. Mo ti gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n yà á.

Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún Bàbá. Kì í ṣe Fatah, kì í ṣe èmi. Tí àwa ọmọ bá sọ pé ọwọ́ wọn kò kú, wọ́n á ní à ń pọ́n àwọn lé. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀ pé ẹ kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ẹ wọlé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi: àpótí, ihò, ìrọ̀rí. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ jẹ́ kó máa tì yín lọ, kẹ́ ẹ ṣáà máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé sítíárìn, kí ọwọ́ tiyín wà lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi yí.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù yìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiyín, mo máa pè lórí fídíò. Kò ní di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan. Ẹ kàn gbé e, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kọjú rẹ̀ sí Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi kí mi.

Ọmọ yín,
Roheemat.